Òdòdó Tí Mùfúlíátù Fi Sílẹ̀

Bí ẹ bá dé Gonzagueville ní Àbíjàn, tí ẹ kúrò lójú títì Bassam, tí ẹ wá kọjú sí òkun, ẹ ó máa rìn nínú yanrìn títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń dín àlókò, ìyẹn dòdò. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ilé Àlááji Mùíbì. Bó bá jẹ́ lọ́dún tó kọjá ni ẹ wá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ ó bá a, lórí àpótí, tó dorí kodò síwájú òdòdó tó ń kú lọ, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin, onírùngbọ̀n funfun, ẹni tó ti lọ Mẹ́kà tó bọ̀! Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bí mi nínú, ó sì máa ń ṣe mí láàánú. N ò tíì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ nígbà tó dé Àbíjàn. Ìyarun, dígí àti àgádágodo ló ń kiri ní Treichville, ó ń fi orí ru wọ́n nínú oòrùn, kó tó di pé ó rí ibi tẹ́ igbá sí, kó tó di pé igbá di ìsọ̀. Èdè Jùlá ló kọ́kọ́ gbọ́, torí òun ni wọ́n fi ń nájà. Faransé kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan fi Faransé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó búra pé òun ò ní sọ ọ́ mọ́ nídìí ọjà òun, kò sì sọ ọ́ mọ́ o, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ ra àgádágodo lọ́wọ́ Mùíbì, kó yáa lọ kọ́ Jùlá tàbí Yorùbá. Irú orí kunkun tí mò ń wí nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọwọ́ ń to ẹnu, ó lọ sílé, ó fẹ́ Mùfúlíátù, ọmọ télọ̀ kan ní àdúgbò wọn. Ìyẹn ò ní orí kunkun. Ẹ̀rín ló ní. Ó máa ń fi ọmọ ọkọ̀ gbaka tó ń pariwo rẹ́rìn-ín, á fi òjò rẹ́rìn-ín, á fi ọkọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín níṣojú ọkọ rẹ̀. Ó bímọ fún un, àwọn ọmọ sì dàgbà, wọ́n tú káàkiri. Ṣàkírát, àkọ́bí wọn, ló kù nítòsí, ní Yopougon, ọkọ rẹ̀ ló sì gba ìsọ̀ Treichville nígbà tí Mùíbì ò lè dúró nínú oòrùn mọ́.

Mùfúlíátù ló ni òdòdó. Odette, ìyá Exaucé, ará Kétu ní Benin, ni aládùúgbò wọn, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ó ń ta òdòdó àti igi kéékèèké létí títì Bassam. Èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì ni, Mùfúlíátù sì jẹ́ èèyàn mọ́sálásí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wọn le débi pé bí ọ̀kan bá se ọbẹ̀, abọ́ á gba orí ògiri kọjá. Lọ́jọ́ kan, Odette gbé òdòdó kan dé tí àwọn Faransé ń pè ní œillet. Kò ga, ewé rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń ta sánsán bíi kànáfùrù. Ṣùgbọ́n etí òdòdó náà ló mú kí Mùfúlíátù pariwo. Etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí etí aṣọ tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì eléyín gé, irú sísọ́ọ̀sì tí bàbá rẹ̀ fi ń gé aṣọ kó má baà tú.

Ó ní, “Háà! Ẹ wá wò ó o! Bàbá mi ló gé eléyìí!”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní òdòdó télọ̀. Kò sì ṣe wàhálà kankan lórí rẹ̀. Ó wọ́ yanrìn jọ bí òkìtì sẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ dalẹ́. Ó fọ́ ìkarahun òkun sí i, ó bu eérú àdògán díẹ̀ lé e, ó gbin òdòdó sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí èyí tó yọ bá ti rọ, á mú sísọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ tó jogún, á gé e kúrò, òmíràn á yọ. Omi ńkọ́? Bó bá rántí ni. Òdòdó náà sì ń yọ ṣáá, pupa fòò, funfun báláú, bí ẹni tí kò gbọ́ pé ìyà ń jẹ òun.

Ìyá Mùfúlíátù ló ṣubú ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lè dìde mọ́. Òun nìkan lọmọbìnrin tí màmá náà bí, ó di dandan kó lọ. Níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Nàìjíríà, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo èrò, ohun tí kò ṣe rí.

Ó ní, “Bàbá Ṣàkírát, ẹ bá mi tọ́jú òdòdó télọ̀ mi o. Kó má kú kí n tó dé.”

Mùíbì ní, “Kò ní í kú.”

Màmá arúgbó náà pẹ́ lórí àìsàn kó tó lọ. Mùíbì lọ síbi ìsìnkú gẹ́gẹ́ bí àna tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Ìlọrin ló ń sùn sí! Wọ́n ń sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ ọmọ òkú ń wọ mọ́tò lọ sùn ní Ìlọrin, ó tún ń wọ mọ́tò padà láàárọ̀. Kí ló fà á? Ìbúra ni. Láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá sí Àbíjàn ti ń lọ kọ́ ilé olókè sílé, ó ti búra pé òun ò tún ní í sun oorun ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí kò ṣe nínú ilé tí òun fúnra òun bá kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ilé náà lóòótọ́, lójú ọ̀nà tó jáde sí Ìlọrin. Ilé dé ojú fèrèsé, ó dúró síbẹ̀. Koríko ló ń gbé yàrá, aláǹgbá ló ń gbé pálọ̀.

Ó padà sí Gonzagueville, ó gbálẹ̀ de ìyàwó rẹ̀ pé bó bá ti ṣàdúà ogójì ọjọ́ tán, á dé. Mùfúlíátù kò dé. Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ìyá rẹ̀, ó kó o lọ sí agbolé bàbá Mùíbì, sínú yàrá tí wọ́n bí Mùíbì sí, ó wá pè é lórí fóònù.

“Bàbá Ṣàkírát, ẹ ti fa ọjà lé ọkọ ọmọ yín lọ́wọ́. Kí lẹ tún ń dúró ṣe níbẹ̀? Ẹ máa bọ̀ nílé.”

“Ilé wo? Ṣé yàrá bàbá mi ni kí n wá máa gbé, kí àwọn ẹgbẹ́ mi máa fi ìka tọ́ mi? Ìwọ ni kó o padà wá.”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá.”

Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbà òjò kan kọjá, ọyẹ́ kan kọjá, òjò mìíràn tún dé. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ máa lọ pa òwe yẹn fún Mùíbì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àárò ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ gan-an. Bó bá se ìrẹsì, ó máa ń se é bíi pé àwọn méjì ló fẹ́ jẹun. Ẹ̀gbẹ́ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì ni Mùfúlíátù máa ń sùn sí, kò yí ara débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àsìkò ìrun ló burú jù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Mùfúlíátù ló máa ń pọn omi sínú búta, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Omi yín ti wà níbẹ̀ o.” Ọ̀rọ̀ kékeré, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí, bí ládàánì bá pe ìrun, Mùíbì á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, kó tó lọ pọn omi fúnra rẹ̀.

Nítorí náà ló ṣe gbé àpótí rẹ̀ kúrò lórí òkúta ẹnu gọ́tà tó ti ń ṣe àlùwàlá tẹ́lẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó télọ̀. Ó kàn fẹ́ wà nítòsí ohun tó jẹ́ ti Mùfúlíátù ni. Ibẹ̀ ló ń jókòó ṣe àlùwàlá, ibẹ̀ ló ti ń tọrọ ohun tó ń tọrọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti so nǹkan méjì pọ̀: bí òdòdó bá wà láàyè, Mùfúlíátù á padà wá bá òun. Bó bá kú, ó tán nìyẹn, òun nìkan ni yóò gbẹ̀yìn ara òun nínú yanrìn yìí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé sọ fún èèyàn?

Òdòdó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ewé tó sún mọ́lẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó di bíráùn. Lẹ́yìn náà ni àárín rẹ̀ là bí orí apárí, ẹ̀ka tó wà létí nìkan ló ṣẹ́kù tó jẹ́ tútù. Mùíbì fura sí ewúrẹ́ ẹni tó ń dín àlókò. Ó ṣọ́ ewúrẹ́ náà títí, ewúrẹ́ ò yà síbẹ̀. Ó ní atẹ́gùn òkun ni, iyọ̀ ló ń bá a wá, ó bá na tapólì bò ó lórí. Òdòdó tún rọ sí i. Ó wá wo yanrìn tó wà nídìí rẹ̀, ó mi orí. Ọmọ àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà kẹ̀! Ta ló ń gbin nǹkan gidi sínú yanrìn? Ó lọ kó ilẹ̀ dúdú lẹ́bàá ọ̀sà, ó wọ́ ọ jọ sídìí òdòdó títí ó fi bo ọrùn rẹ̀, ó fi ìgbẹ́ adìyẹ kún un. Àwọn tó ti rọ lórí igi, kò gé wọn. Ó mú sísọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà sórí ìṣó. Ó ní òun ò lè mú irin kan ohun tí Mùfúlíátù gbìn.

Ṣàkírát wá láti Yopougon, ó rí gbogbo rẹ̀, ó kọ háà. “Papa, mais c'est quoi ça? Kí lèyí? Ẹ jẹ́ kí n ra òmíràn fún yín. Ça se vend partout, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń tà á.”

“Òmíràn kì í ṣe èyí tí ìyá rẹ gbìn.”

“Ẹ pe Tantie Odette nígbà náà. Òun ló mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ Odette yẹn gan-an ni Mùíbì ń sá fún. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Odette àti Mùfúlíátù kì í jẹ́ kí ọjọ́ lọ láìbá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí Odette bá fojú kan òdòdó yìí, kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbọ́. Bí Mùíbì bá gbúròó Odette lójú ọ̀nà, á yára wọlé. Bí Mùfúlíátù bá sì béèrè lórí fóònù pé, “Òdòdó mi ńkọ́?”, á ní, “Ó wà pẹ̀sẹ̀.” Mùfúlíátù ní kó ya fọ́tò rẹ̀ kí òun rí i. Mùíbì ní ojú fóònù òun ti fọ́, kò ríran mọ́. Ojú fóònù tó ń fi ya ọkọ̀ ojú omi lórí òkun láràárọ̀! Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun, báwo ni yóò ṣe béèrè?

Ọmọ ọdún wo ni Mùfúlíátù, tí yóò gba irọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ó ní kí Odette bá òun yọjú síbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ló wọlé, ìborí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Àlááji. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá ya fọ́tò òdòdó òun.”

Mùíbì dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó la apá bí ẹni tó ń lé adìyẹ. “Ìyá Exaucé, ẹ má tíì wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dọ̀tí.”

“Ìdọ̀tí ni mo fi ń jẹun, Bàbá. Ẹ yà fún mi.”

Ó kọjá lábẹ́ apá rẹ̀. Ó dé ìdí òdòdó. Ó tú tapólì kúrò, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka gbẹ́ ilẹ̀ dúdú náà, ó di ẹ̀ka kan mú, ó fà á díẹ̀. Ẹ̀ka náà yọ wálẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni fa iṣu jíjẹrà, ọrùn rẹ̀ ti rà, ó ń rùn.

“Ta ló da ilẹ̀ ọ̀sà sí èyí lọ́rùn?”

“Èmi ni. Yanrìn yẹn ò lóúnjẹ nínú.”

“Bàbá Ṣàkírát! Yanrìn yẹn ló ń fẹ́! Kì í fẹ́ kí nǹkan bo ọrùn òun, kì í fẹ́ òjìji, kì í fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ẹ sin ín láàyè!” Ó tún ki ìka bọlẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ yìí nìkan. Ọyẹ́ la wà yìí, òjò ò rọ̀. Kí ló dé tí ibí yìí tutù rinrin? Ẹ̀yin lẹ̀ ń bomi rin ín?”

“Rárá o. Mi ò bomi rin ín rárá. Mùfúlíátù kì í bomi rin ín, èmi náà kì í bomi rin ín.”

Kò purọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó mọ̀ ló sọ. Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ ni ládàánì pe ìrun Alaasari. Mùíbì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Odette, ó mú búta rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó ní “Bísímílláhì,” ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fọ imú, ó fọ ojú, ó fọ apá, ó pa orí, ó fọ ẹsẹ̀. Omi ń ṣàn lọ sídìí òdòdó. Nígbà tó parí, ó gbé ìyókù tó wà nínú búta, ó rọra dà á sórí òdòdó náà, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé òun ń ṣe é.

Odette dúró, ó ń wò ó. Ó jẹ́ kó kírun tán.

“Bàbá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, “ṣé gbogbo ìrun lẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ṣe bíi báwo?”

“Omi yẹn.”

Mùíbì wo búta ọwọ́ rẹ̀. Ó wo òdòdó. “Omi àlùwàlá nìyẹn kẹ̀. Omi tí mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀. Èèyàn kì í da irú rẹ̀ sí gọ́tà. Kò lè pa nǹkan kan.”

“Omi náà mọ́, Bàbá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n òdòdó yìí kì í kírun.”

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, á bínú. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló jókòó padà sórí àpótí náà.

“Kí lẹ̀ ń sọ fún un, tí ẹ bá ń dà á?” ni Odette bi í.

Ó gbé búta sílẹ̀. “Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá Mùfúlíátù padà fún mi.”

Odette yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi etí ìborí nu ojú rẹ̀. Òun náà ti sin ọkọ, ó mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́. Nígbà tó yí padà, ó ní, “Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni wọ́n ń wí. Èyí kì í ṣe ẹ̀tẹ́ ṣá. Ẹ dìde. Sísọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ mi dà?”

Mùíbì mú un wá, ó nà án sí i. Odette kò gbà á.

“Ẹ̀yin lẹ máa gé e. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí. Ìyá òdòdó yìí ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Bí a bá tilẹ̀ tọ́jú ẹ̀ dáadáa, kì í lo ayé pẹ́. Ẹ̀ka tuntun ni wọ́n fi ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ wo àwọn tó tutù létí yẹn. Ẹ gé e lábẹ́ oríkèé.”

Lọ́tẹ̀ yìí, Mùíbì kò dá sísọ́ọ̀sì padà sórí ìṣó. Ó gé ọ̀kan, ó gé òmíràn, títí gbogbo èyí tó ṣì wà láàyè fi wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò pọ̀. Odette kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń já ewé ìsàlẹ̀ kúrò. Wọ́n lu ihò sí ìdí agolo tòmátì, wọ́n rọ yanrìn gbígbẹ àti ìkarahun lílọ̀ kún un, wọ́n fi ẹ̀ka náà gún un, wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i. Wọ́n to àwọn agolo náà sórí ògiri.

“Ẹ wò ó, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ jù, ẹ má sì mú búta débẹ̀,” ni Odette wí. “Bó bá ta gbòǹgbò, ó tún lè pẹ́ díẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, ọ̀rinrin Àbíjàn yìí kò bá a lára mu rárá. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ló ti ń gbádùn.”

“Fọ́tò tí Mùfúlíátù ní kẹ́ ẹ yà ńkọ́?”

“Mi ò ya nǹkan kan. Ẹnu yín ni kó ti gbọ́ ọ.”

Mùíbì gbé àpótí àlùwàlá rẹ̀ padà sórí òkúta ẹnu gọ́tà lọ́jọ́ náà. Kò rọrùn fún un. Bó bá ń fọ ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ sórí ògiri. Ó ń ṣe é bíi kó sáré lọ fọwọ́ kàn wọ́n, ó ń di ara rẹ̀ mú. Ó wò wọ́n lókèèrè títí àwọn kan fi gbẹ dànù, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó rò pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ku àwọn kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ewé tuntun tó ń yọ lórí wọn, wẹ́wẹ́, tútù minimini. Ó rọra fa ọ̀kan wò, bí Odette ṣe kọ́ ọ. Kò yọ. Ó ti di ilẹ̀ mú. Àgbàlagbà náà dúró síbẹ̀, ó ń sunkún fún agolo tòmátì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló pe Ògbómọ̀ṣọ́.

“Mùfúlíátù.”

Kì í pè é lórúkọ. Ìyá Ṣàkírát ló máa ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ sì ta gìrì. “Kí ló dé? Ṣé ara yín le?”

“Òdòdó télọ̀ rẹ ti kú. Èmi ni mo pa á.” Bó ti bẹ̀rẹ̀, kò dánu dúró mọ́. “Omi àlùwàlá ni mo fi pa á. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń jókòó sí láti ìgbà tí mo ti bọ̀ láti ibi ìsìnkú, mo ń da omi sí i, mo ń bẹ Ọlọ́run kó dá ọ padà fún mi. Àárò rẹ ń sọ mí, Mùfúlíátù. Mi ò lè gbé e mọ́. Ilé yìí ń dákẹ́ jù.”

 Ó rò pé fóònù ti já. “Allô? Allô?”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín Mùfúlíátù tó mọ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi di ẹkún.

“Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Láti ìgbà yìí wá, ilé lẹ̀ ń wí fún mi. Ilé, ilé, ilé. Ẹgbẹ́ mi kọ́lé, ẹgbẹ́ mi kunlé. Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, pé àárò mi ń sọ yín! Ṣé ilé ni mo fẹ́ ni, àbí ẹ̀yin ni mo fẹ́?”

 Mùíbì nu imú rẹ̀. “Díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Mo gé e pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì bàbá rẹ, ó ti ta gbòǹgbò nínú agolo. Ìyá Exaucé ní Àbíjàn tutù jù fún un. Ó ní ibi gbígbẹ ló yẹ ẹ́.”

“Ibí gbẹ.”

“Mo mọ̀.”

“Ta ló máa gbé e wá?”

Ó wo àwọn agolo náà lórí ògiri. Ó wo ẹ̀yìnkùlé tó ti ń gbé láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú. “Èmi ni.”

“Tí ẹ bá gbé e dé, níbo lẹ máa sùn?” Ó gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ẹ̀rín ti ń padà. “Ìlọrin?”

“Ibi tó o bá sùn ni mo máa sùn.”

Mùfúlíátù mí kanlẹ̀. Ó ní, “Inú ilé yín tí kò lórùlé yẹn ni màá gbin òdòdó sí. Oòrùn ń wọ̀ ọ́ bó ṣe fẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún ilẹ̀ rẹ̀.”

Mùíbì rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín nípa ilé yẹn rí láyé rẹ̀. Lójijì ló rántí nǹkan kan. “Àlùwàlá mi ńkọ́? Níbo ni n ó ti máa ṣe é, tí n ò fi ní í tún pa á?”

“Ẹ̀yìn yàrá wa níbí ni. Láti ọjọ́ tí mo ti kó dé ni mo ti gbé òkúta àlùwàlá yín síbẹ̀,” ni Mùfúlíátù wí. “Àràárọ̀ ni mo ń fọ̀ ọ́.”